Ọ̀wẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀kọ́ Ìrànlọ́wọ́ láàrin Òbí àti Ọmọ: Àpẹẹrẹ Àwọn Ìgbómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ìfáárà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Òwe yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu àgbà, ṣùgbọ́n etí nìkan kọ́ ni ọmọdé fi ń kọ́ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹnu iṣẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òbí rẹ̀, ni ó ti ń kọ́ ọ. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí ìdílé ti ń mú ọmọ mọ iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ láwùjọ àgbẹ̀ bíi ti àwọn Ìgbómìnà Ìlá-Ọ̀ràngún, Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà. Ó sì tọ́ka sí ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ lè fi ba ẹ̀kọ́ náà jẹ́.

Àáró àti Ọ̀wẹ̀
N. A. Fádípẹ̀, nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1970, wà lára àwọn onímọ̀ tí ó kọ nípa ọ̀nà tí Yorùbá ń gbà ran ara wọn lọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Nínú àáró, àwọn tí agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba a máa ṣiṣẹ́ lóko ara wọn ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé. Ẹni tí a bá ṣe fún gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ san án padà. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ sí èyí. Ẹni tí iṣẹ́ ńlá bíi ilé kíkọ́ bá wọ̀ lọ́rùn ni í bẹ ọ̀wẹ̀. Oúnjẹ àti ẹmu ni ó ń pèsè. Kì í sanwó, ẹnikẹ́ni kì í sì í ka ọjọ́ sí i lọ́rùn.

Ipa Ọmọdé
Bí ó bá jẹ́ ọ̀wẹ̀ ilé alámọ̀, tọmọdé tàgbà ni í jáde. Àwọn ọkùnrin a po amọ̀, wọn a mọ ògiri. Àwọn ìyá a dáná. Àwọn ọmọ a pọn omi, wọn a sì máa gbé amọ̀ tí kò ju agbára wọn lọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ rí i pé bàbá òun náà ń làágùn fún ilé tí kì í ṣe tirẹ̀. Kò sí ìwàásù tí ó tó èyí. Babs Fáfúnwá (1974) ka kíkópa nínú ọ̀ràn ìdílé àti àwùjọ mọ́ ète méje tí ẹ̀kọ́ ìbílẹ̀ Áfíríkà ní.

Ilé-Ẹ̀kọ́ àti Ìyàtọ̀ tí ó yẹ kí a mọ̀
Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ọmọ tí ó bá pẹ́ dé ni a ń ní kí ó ṣán koríko. Báyìí ni iṣẹ́ tí ó jẹ́ iyì nílé ṣe di ìyà níléèwé. Ọmọ tí ó bá ti ka koríko ṣíṣán sí ìyà yóò sá fún iṣẹ́ ìlú nígbà tí ó bá dàgbà.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, ní abala 28, kọ̀ kí a fi ọmọ ṣe iṣẹ́ ìrẹ́jẹ tàbí kí a di ẹrù tí ó lè pa á lára rù ú. Síbẹ̀, ó fàyè gba iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ilé tí kò wúwo lọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí. Ìyàtọ̀ náà hàn kedere: nínú ọ̀wẹ̀, àgbà àti ọmọ ni wọ́n jọ ń ṣe é. Olùkọ́ tí ó kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí oko ara rẹ̀ kò bẹ ọ̀wẹ̀. Ó rẹ́ wọn jẹ ni.

Àgbálọgbábọ̀
Ó yẹ kí olùkọ́ yọ koríko ṣíṣán kúrò lára ìyà. Ó yẹ kí ó pe àwọn òbí sí ọjọ́ kan ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí àwọn àti ọmọ wọn jọ tún ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ tàbí kànga àdúgbò ṣe, kí òun fúnra rẹ̀ sì kọ́kọ́ mú àdá. Lẹ́yìn iṣẹ́, kí àwọn ọmọ sọ ẹni tí iṣẹ́ náà yóò ṣe láǹfààní. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, ì báà jẹ́ ọ̀wẹ̀ ni a fi kọ́ ọ.