Ẹ̀kọ́ àti Ìbáṣepọ̀ Láàrin Àwọn Agbẹjọ́rò tí ó jẹ́ Òṣìṣẹ́ Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Amẹ́ríkà

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú bébà yìí ni ọ̀nà tí àwọn agbẹjọ́rò tí ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn gbà síṣẹ́ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń gbà fi ìmọ̀ kún ìmọ̀. Àwọn wọ̀nyí kì í rojọ́ fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ wọn ni láti ka ìwé ẹjọ́, láti wá òfin tí ó bá a mu, kí wọ́n sì kọ àlàyé fún adájọ́ kí ó tó dá ẹjọ́.

Oríṣi méjì ni wọ́n. Àwọn kan wà lábẹ́ adájọ́ kan ṣoṣo. Irú wọn ni Adájọ́ Horace Gray mú wọ Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní 1882, tí ó sì ń fi owó ara rẹ̀ san owó iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn kejì jẹ́ ti ilé-ẹjọ́ lápapọ̀. Òfin 1982 ni ó fún olórí adájọ́ ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀ ní àṣẹ láti yan ọ̀gá fún wọn.

Ìṣòro iṣẹ́ yìí ni pé ìkọ̀kọ̀ ni a ti ń ṣe é. Ìlànà ìwà òṣìṣẹ́ ilé-ẹjọ́ kò gbà wọ́n láàyè láti tú àṣírí ẹjọ́. Agbẹjọ́rò tí ó ń rojọ́ ní gbangba ní alátakò tí yóò nàka sí àṣìṣe rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kò ní. Bí wọ́n bá ṣi òfin túmọ̀ tí adájọ́ kò sì fura, àṣìṣe náà lè di àṣà. Ẹni tí ó pe ẹjọ́ ni yóò jẹ ìyà rẹ̀, pàápàá ẹlẹ́wọ̀n tí kò ní agbẹjọ́rò.

Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ Council of Appellate Staff Attorneys, tí a dá sílẹ̀ lábẹ́ American Bar Association, fi ṣe pàtàkì. Ó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ẹjọ́ ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba àpapọ̀ jọ fún ẹ̀kọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Nínú ẹjọ́ Haines àti Kerner ní 1972, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé a kò gbọdọ̀ fi òṣùwọ̀n líle tí a fi ń wọn ìwé agbẹjọ́rò wọn ìwé ẹni tí kò ní agbẹjọ́rò. Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe ń rí kókó ẹ̀sùn nínú ìwé tí ó rú pọ̀, láìdi agbẹjọ́rò fún ẹni tí ó kọ ọ́? Ìwé òfin kò lè dáhùn èyí tán. Ẹni tí ó ti ṣe é rí ni ó lè fi hanni. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni a lè jíròrò láìdárúkọ ẹjọ́ kankan. Ààlà tí a kò gbọdọ̀ kọjá ni ẹjọ́ tí ó ṣì wà níwájú adájọ́.

Ní ìparí, èrò wa ni pé ìpàdé wọ̀nyí kì í ṣe fàájì. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀ ni ó nílò ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n jù.