Oògùn Àràárọ̀ fún Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà

Bí ìyá bá ní kí ọmọ lọ ro àmàlà, kò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ọ pé kó gbé omi kaná, kó ku èlùbọ́ sí i. Ọmọ ti mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ṣe mọ àwọn àṣẹ tó díjú: ìgbésẹ̀ wọn ti wà ní kíkọ sínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni microcode.

Bí processor bá wá ní àṣìṣe ńkọ́? Ní 1994, Pentium tí Intel ṣe ń ṣi àwọn ìṣirò pípín kan ṣe. Kò sí ọ̀nà láti tún processor náà fúnra rẹ̀ ṣe, àfi kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, 475 mílíọ̀nù dọ́là ló sì bá a lọ. Pentium Pro ti 1995 ni Intel ti wá fi àyè sílẹ̀ fún àtúnṣe.

Àtúnṣe yìí kì í pa ti àtijọ́ rẹ́. Inú àyè kékeré kan ló ń wọ̀, àyè tó ń gbàgbé ohun gbogbo tí a bá ti pa ẹ̀rọ. Nígbàkígbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà, BIOS (ètò tó ń jí ẹ̀rọ), Windows tàbí Linux ní láti tún fún processor lò.

Ṣé kí ẹni tó kàn ń fi kọ̀ǹpútà wo fíìmù nílé náà gbà á? Èmi ní kó gbà á. Processor kì í dúró de àṣẹ. Ó ń méfò èyí tó kàn, á sì ti ṣe é sílẹ̀. Bí kò bá bọ́ sí i, á da iṣẹ́ náà nù, ṣùgbọ́n ipasẹ̀ rẹ̀ á kù nínú cache, ibi ìpamọ́ kékeré inú rẹ̀. Spectre, àléébù kan tí aráyé gbọ́ nípa rẹ̀ ní oṣù kìíní 2018, fi hàn pé olè lè tọ ipasẹ̀ yẹn dé ìdí pásíwọ̀dù. Bẹ́ẹ̀, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí à ń ṣí lójoojúmọ́ ń gbé iṣẹ́ àjèjì wọ inú ẹ̀rọ wa.

Lóòótọ́, àtúnṣe microcode tó wá fún Spectre lóṣù yẹn gan-an mú kí àwọn ẹ̀rọ kan máa kú, kí wọ́n máa tún ara wọn tàn, títí Intel fi ní kí àwọn èèyàn dáwọ́ dúró. Ẹni tó bá fi ọ̀sẹ̀ kan wo bó ṣe ń lọ kò ṣe ojo. Ṣùgbọ́n kó má pẹ́ jù: ní 2024, àwọn processor Intel kan ní ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá ń béèrè iná tó pọ̀ jù, wọ́n sì ń ba ara wọn jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Microcode 0x129 wà lára àwọn àtúnṣe tí wọ́n fi dín in kù, àmọ́ kò wo èyí tó ti bàjẹ́ sàn.

Àtúnṣe tó bá gba Windows tàbí Linux wá kò léwu tó bẹ́ẹ̀. Bó bá ṣe ségesège, a lè yọ ọ́, ká tún ẹ̀rọ tàn. Ti BIOS ni ká ṣọ́ra fún, pàápàá níbi tí iná ti ń ṣe ségesège bíi tiwa: bí iná bá lọ nígbà tó ń kọ ọ́ lọ́wọ́, ẹ̀rọ lè má jí mọ́. Ẹ tan inverter ná.