Àkùrọ̀ Tí A Fi Sílẹ̀: Ṣé Ó Ti Sàn, Àbí Ó Kàn Tutù Lójú?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ẹ ń gbin ẹ̀fọ́ ní àkùrọ̀, àti ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ta ewé ní Arakale, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Bí ènìyàn bá fi àkùrọ̀ sílẹ̀ kí ó sinmi, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ó ti bọ̀ sípò, kí ó tó wá yá owó ẹgbẹ́ lé e lórí?

Àwọ̀ ewé nìkan ni ọ̀pọ̀ ń wò. Kò tó o. Ewé Akíntọ́lá (àwọn mìíràn ní ewé Awólọ́wọ̀ ni, a ò dá sí ìjà yẹn) lè bo oko láàárín òjò kan ṣoṣo. Àlejò ni. Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀, ó sì bá èso igi gmelina wọ Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1937. Kò fẹ́ràn ilẹ̀ tí omi dúró sí. Bí òun àti èèkan bá gba àárín àkùrọ̀ yín, omi ti sá lọ níbẹ̀ nìyẹn.

Ohun tí a fẹ́ rí ni ọmọ ògùrọ̀ àti ọmọ igi àbùrà tó ń hù fúnra wọn, òṣíbàtà lójú omi, àti ewé eéran lábẹ́ ìbòòji. Ewé eéran yìí gan-an ni à ń fi pọ́n mọ́ínmọ́ín, kí náílọ̀n tó gba ọjà mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ má tìtorí ojú oró yọ̀ o: ó máa ń gbilẹ̀ nínú omi ìdọ̀tí pẹ̀lú, ẹni tó bá sì mọ Odò Àlà láàárín ìlú Àkúrẹ́ mọ ohun tí à ń sọ.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní Massachusetts ní Amẹ́ríkà. Èso pupa kíkan kan tí wọ́n ń pè ní cranberry ni wọ́n ń gbìn sí àkùrọ̀ tiwọn. Wọ́n gbẹ́ kòtò kí omi lè ṣàn lọ, wọ́n mọ ìdídò, wọ́n sì ń da iyanrìn lé ilẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí àwọn kan fi oko sílẹ̀ lásán, igi ilẹ̀ gbígbẹ ló gba ibẹ̀. Ní oko Tidmarsh, ní ìlú Plymouth, wọ́n dí kòtò, wọ́n wó ìdídò, wọ́n sì tú iyanrìn náà. Irúgbìn àtijọ́ tó ti sùn sábẹ́ rẹ̀ jí, ó hù. Láti ọdún 2017 ni ibẹ̀ ti di ibi ìpamọ́ ẹranko àti ewéko tí gbogbo ènìyàn lè wò.

Poro tí ẹ̀yin náà gbẹ́ láti fi fa omi kúrò lára ebè ẹ̀fọ́, ṣé ẹ ti dí i? Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Lẹ́yìn náà, ẹ na okùn láti etí odò dé ibi tí ilẹ̀ ti gòkè. Ní gbogbo ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, ẹ fi igi mẹ́rin sàmì sí àyè tó fẹ̀ ní mítà 1 níhà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ka ewéko inú rẹ̀, ti omi lọ́tọ̀, ti ilẹ̀ gbígbẹ lọ́tọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ padà sí ojú igi kan náà lọ́dún tó ń bọ̀, ní oṣù kan náà. Oṣù kejì ló dára jù, nítorí pé nígbà òjò, gbogbo ilẹ̀ ló ń ṣe bí àkùrọ̀.