Ìsun Tí Ń Bínú Kó Lọ

Ní ìgbèríko Írẹ́lándì, ìsun omi a máa bínú. Bí ẹnìkan bá fọ aṣọ ẹlẹ́gbin nínú rẹ̀, ilẹ̀ lè mọ́ lọ́jọ́ kejì kí wọ́n bá ibẹ̀ ní gbígbẹ táútáú, kí omi sì ti sun jáde nínú pápá ẹlòmíràn. Irú ìtàn yìí pọ̀ lẹ́nu àwọn ará oko níbẹ̀, láti Donegal ní àríwá títí dé Kerry ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Kì í ṣe gbogbo ìsun ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Èyí tó ní ẹni mímọ́ tó ni ín ni: ti Patrick, ti Brigid, ti Colmcille, tàbí ti ẹni mímọ́ kan tí abúlé méjì péré mọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n fojú bù ú pé irú ìsun bẹ́ẹ̀ tó 3,000 káàkiri erékùṣù náà.

Ẹni tó bá retí ohun ńlá, ojú rẹ̀ lè máà rí nǹkan kan. Òmíràn kò ju ihò kékeré lẹ́bàá ògiri òkúta lọ, àtẹ̀gùn òkúta mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀, kọ́ọ̀pù kan wà létí rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ bù mu, igi ẹlẹ́gùn-ún kan sì ṣíji bò ó. Òjò tó ti wọ inú pàlàpálá àpáta lọ ló ń sun padà jáde níbẹ̀. Nítorí pé abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń bọ̀, ìwọ̀n ooru rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò ní nǹkan bí 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìbáà ṣe ẹ̀ẹ̀rùn, ìbáà ṣe ìgbà òtútù. Bí yìnyín bá bo pápá, ọwọ́ tó bá wọ inú rẹ̀ á rò pé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́; bó bá di oṣù Keje, omi kan náà á tutù bíi yìnyín. Kò yà mí lẹ́nu pé àwọn ará ìgbàanì kà á sí ohun ẹlẹ́mìí.

Àwọn ẹni mímọ́ kọ́ ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ní sẹ́ńtúrì keje, bíṣọ́ọ̀bù kan tó ń jẹ́ Tírechán kọ ìtàn ìrìnàjò Patrick ní èdè Látìn. Ó dárúkọ ìsun kan, Slán, tí àwọn àwòrò ń bọ bí ọlọ́run, tí wọ́n ń gbé ẹbọ fún. Òkúta ńlá ló bo ojú rẹ̀, wọ́n sì ní egungun ọlọgbọ́n kan wà lábẹ́ rẹ̀. Patrick ṣí òkúta náà, omi nìkan ló bá níbẹ̀, ó sì fi ṣèrìbọmi. Kò dí ìsun náà, kò sì lé àwọn tó ń wá síbẹ̀. Ẹni tó ni ín nìkan ló yí padà.

Bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà nídìí ìsun nìyí. Ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀ á ṣa òkúta wẹ́wẹ́ dání, á máa yí ìsun ká, á máa gba àdúrà Baba Wa àti Mo Kí Ọ Màríà, bó bá sì ti yí i tán lẹ́ẹ̀kan, á ju òkúta kan sílẹ̀ kí ìṣirò má baà dàrú. Ọwọ́ ọ̀tún ló gbọ́dọ̀ wà níhà ìsun, bí oòrùn ṣe ń rìn. Ẹni tó bá yí i sí òsì, èpè ló ń ṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò bu omi mu, tàbí kó fi bọ́jú, torí pé ojú dídùn ni àìsàn tí wọ́n ń gbé lọ síbẹ̀ jù, akokoro àti ẹ̀yìn ríro sì tẹ̀ lé e. Wọ́n á ya lára aṣọ aláìsàn, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi, wọ́n á so ó mọ́ igi ẹlẹ́gùn-ún. Bí àkísà náà ti ń jẹrà ni àìsàn ń lọ, ẹni tó bá sì tú u yóò gbé àìsàn náà relé. Lóde òní, àwọn tó ń rìnrìn àjò afẹ́ ń so ọ̀rá àti náílọ́ọ̀nù mọ́ ọn. Náílọ́ọ̀nù kì í jẹrà. Ẹ bá mi ro ohun tí yóò kẹ́yìn àìsàn yẹn.

Omi náà ní èèwọ̀ tirẹ̀. A kì í fi se tíì: bí a bá gbé e kaná títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n ní kò ní hó. Nínú àwọn ìsun kan, wọ́n ní ẹja kan wà tí kì í kú, ẹni tó bá sì rí i, àdúrà rẹ̀ ti gbà.

Nítòsí Liscannor ní Clare, kò jìnnà sí àwọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkúta Moher, ìsun Brigid wà ní òpin ọ̀nà tóóró kan tí wọ́n fi òrùlé bò. Ògiri méjèèjì kún fọ́fọ́: rosárì, ère, fọ́tò àwọn òkú, fọ́tò ọmọ tuntun, lẹ́tà ẹ̀bẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ni àjọ̀dún rẹ̀, láti 2023 sì ni ìjọba ti fún gbogbo orílẹ̀-èdè ní ìsinmi nítorí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni ti Gobnait, ẹni mímọ́ àwọn olùsìn oyin, ní Ballyvourney ní Cork. Wọ́n á wọn ríbọ́ọ̀nù mọ́ ère igi rẹ̀ àtijọ́, wọ́n á sì tọ́jú ríbọ́ọ̀nù náà sílé de ọjọ́ àìsàn. Mo sábà máa ń rò ó pé fáda ará Írẹ́lándì tó wá wàásù fún wa nílẹ̀ Yorùbá pé ká má bọ odò, ó ṣeé ṣe kí ìgò omi Brigid wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ìyá rẹ̀ nílé.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbìyànjú láti fòpin sí àṣà lílọ sídìí ìsun. Òfin tí ilé aṣòfin Dublin ṣe ní 1704 sọ pé ẹni tó bá lọ péjọ nídìí ìsun yóò san ṣílè mẹ́wàá, bí kò bá sì rí i san, wọn yóò nà án lẹ́gba ní gbangba. Nígbà tó yá, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí, nítorí ọtí àti ìjà igi tó ń tẹ̀ lé àdúrà lọ́jọ́ àjọ̀dún. Àwọn ènìyàn gbọ́, síbẹ̀ wọ́n ń lọ.

Ohun tí òfin kò rí ṣe, ìfẹ́ ṣe é ní Clonenagh, ní Laois. Wọ́n ní ẹni tó ni ilẹ̀ dí ìsun ẹni mímọ́ Fintan nítorí èrò, ni omi bá bínú kó lọ sínú ihò igi síkámórè kan létí ọ̀nà. Èrò tẹ̀ lé e débẹ̀. Dípò àkísà, owó ẹyọ ni wọ́n ń kàn mọ́ igi náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀, títí bàbà inú owó náà fi di májèlé fún un. Ó wó ní 1994.

Ìgbàgbé ló ń pa àwọn yòókù. Láti ìgbà tí omi ẹ̀rọ ti wọ ilé oko, kò sí ẹni tó ń gba ojú ọ̀nà ìsun lójoojúmọ́ mọ́, igbó sì ti bo ọ̀pọ̀. Ṣùgbọ́n láàárín 1937 sí 1939, Àjọ Ìtàn Àbáláyé Írẹ́lándì ní kí àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bi àwọn òbí àgbà wọn léèrè, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá gbọ́ sílẹ̀. Nǹkan bí 50,000 ọmọ ló kọ ọ́, ìsun mímọ́ sì wà lára ohun tí wọ́n ní kí wọ́n béèrè. Ìwé àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ni àwọn tó ń wá ìsun kiri lónìí ń kà: pápá ta ni, ìdí igi wo, àìsàn wo ló ń wò. Wọ́n á kọ́kọ́ lọ kí àgbẹ̀ tó ni pápá, wọ́n á tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n tó wọ bàtà rọ́bà, kí wọ́n sì mú àdá.