Ẹ̀rọ Ìdánwò Iná tí Ó Yẹ kí Ọ̀dọ́ Oníṣẹ́ Kọ́kọ́ Rà

Àwọn ọ̀dọ́ tí ń parí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ wáyà lọ́dọ̀ ọ̀gá wọn ní Ṣágámù, ní Ìkẹ́nnẹ́ àti ní àwọn ìlú Rẹ́mọ yòókù kì í ṣe díẹ̀. Ní ọjọ́ ìdásílẹ̀ wọn, ohun tí ó wà nínú àpò wọn ni ẹ̀mú, ọ̀bẹ, àti tẹ́sítà kékeré nì tí gílóòbù wẹ́rẹ́ wà nínú ìdí rẹ̀. Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn ni èyí: bí owó díẹ̀ bá dé ọwọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ìdánwò wo ni kí ó kọ́kọ́ rà? Ọ̀rọ̀ náà kan onílé pẹ̀lú, nítorí àwọn ọmọ wa ni ń fọwọ́ kan ara fìríìjì.

Ohun kan ṣoṣo ni tẹ́sítà kékeré lè wí, pé iná wà lójú wáyà. Nígbà mìíràn a kì í tilẹ̀ rí títàn rẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán, bí ẹni tí ó dì í mú bá sì dúró lórí pákó gbígbẹ, ó lè má tàn dáadáa. Kò mọ̀ bí rọ́bà wáyà bá ti bó nínú ògiri. Kò sì mọ̀ bí irin tí a gbá mọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní ẹ́ẹ̀tì, bá ń ṣiṣẹ́. Síbẹ̀ ọ̀nà méjèèjì yìí ni ikú ń gbà wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ó. Iná ilé wa jẹ́ fólìtì 230. Bí wáyà iná bá fara kan ara pọ́ǹpù omi, tí ìdènà ẹ́ẹ̀tì sì jẹ́ ohm 20, èyí tí yóò ṣàn wọ ilẹ̀ kò ju ámúpù 11 àti ààbọ̀ lọ. Bíréékà ámúpù 32 kò ní já. Ara pọ́ǹpù náà yóò wà pẹ̀lú iná títí ẹnìkan yóò fi fi ọwọ́ tútù kàn án. Nítorí náà ni a ṣe ń fi bíréékà tí ń ṣọ́ iná jíjò sí ilé, èyí tí ń já bí iná tí ó jò bá tó ìdá 30 nínú 1,000 ámúpù kan. Bọ́tìnì T tí ó wà lára rẹ̀ ń fi hàn pé ó lè já. Kò sọ ohunkóhun nípa ẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀pọ̀ yóò wí pé, “Ṣé mítà ọjà kò tó?” Kò tó. Bátìrì fólìtì 9 tàbí kí ó kéré sí i ni mítà náà fi ń wo wáyà, rọ́bà tí ó ti rẹ̀ yóò sì dàbí ẹni pé ó le. Mẹ́gà ń fi fólìtì 500 tì í, bí ìgbà tí a bá da omi kún ìkòkò dé ẹnu kí a tó mọ ibi tí ó ti sán. Láti ilé iṣẹ́ Sydney Evershed ní Ìlú Òyìnbó ni orúkọ yìí ti wá, ní ọdún 1903. Ọwọ́ ni a fi ń yí i nígbà náà. Ìlànà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni pé ìdènà rọ́bà kò gbọdọ̀ dín ní mílíọ̀nù ohm kan.

Ìmọ̀ràn wa, nígbà náà, ni pé kí ọmọ náà kọ́kọ́ ra mẹ́gà tí ó tún lè wọn ohm kékeré, pẹ̀lú tẹ́sítà ẹlẹ́nu méjì. Yóò fi mẹ́gà náà wo rọ́bà kí iná tó dé, yóò sì tọpa wáyà ẹ́ẹ̀tì láti sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan dé ìdí irin. Ẹ̀rọ ńlá tí ń wọn ìdènà ẹ́ẹ̀tì, tí ó sì ń ka ìyára bíréékà, dára púpọ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ wúwo. A kò rí ìdí tí àwọn oníṣẹ́ ìlú kan kò fi lè dá owó jọ rà á, bí a ti ń ṣe nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Òtítọ́ ni pé òfin ọdún 2015 fi àyẹ̀wò lé NEMSA lọ́wọ́. Ẹni tí ó fa wáyà ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ ipò rẹ̀.

Kí ó wo ara ẹ̀rọ náà fún àmì CAT III kí ó tó sanwó. Kí ó pa iná ilé, kí ó sì yọ tẹlifíṣọ̀n àti gílóòbù LED kúrò kí ó tó tẹ fólìtì 500, nítorí yóò bà wọ́n jẹ́. Ní ti ẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀ gbígbẹ ń mú kí ìdènà rẹ̀ pọ̀ sí i. Ẹni tí ó bá wọ̀n ọ́n ní oṣù Keje, nígbà tí ilẹ̀ tutù, kí ó padà wá wọ̀n ọ́n ní oṣù Kínní nínú ọyẹ́.