Lẹ́tà oníbàárà ń sọnù láàárín sáfà méjì: Ohun tó yẹ kí oníṣòwò Àgbádárìgì mọ̀

Láti Sèmè ní ẹnu ibodè títí wọ inú ìlú Àgbádárìgì, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ajé ló wà tó jẹ́ pé ọ̀nà jíjìn ni oníbàárà rẹ̀ ti ń wá. Àlejò tó fẹ́ wá wo ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1845, tàbí tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí Gberefu, yóò kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ bóyá yàrá wà ní òtẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó fẹ́ ra epo àgbọn lọ́pọ̀ yanturu fẹ́ rí iye owó rẹ̀ lákọsílẹ̀. Ẹni tó ń bá àwọn èèyàn gba ẹrù ní ibodè ń retí ìwé ẹrù. Bí fóònù ti pọ̀ tó lóde òní, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣì lè bá íméèlì wọlé, nítorí pé ó ń fi ẹ̀rí sílẹ̀.

Bí ọ̀kan nínú lẹ́tà wọ̀nyí bá sọnù, owó ló sọnù yẹn. Oníbàárà tó kọ̀wé tí kò rí èsì kì í pariwo, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ló máa gbà lọ. Ẹni tó ni ọjà kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kọ̀wé sí òun. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì la sábà máa ń dá lẹ́bi, ṣùgbọ́n ibi tí lẹ́tà ti ń sọnù lè sún mọ́lé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè jẹ́ àárín sáfà méjì tó yẹ kí wọ́n jọ máa ṣiṣẹ́ pọ̀, tí ẹni tó so wọ́n pọ̀ kò so wọ́n dáadáa.

Sáfà méjì, iṣẹ́ méjì

Sáfà ni kọ̀ǹpútà tó ń bá àwọn kọ̀ǹpútà yòókù ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Nídìí íméèlì, oríṣi méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ń gba lẹ́tà lọ́wọ́ ayé, tó sì ń gbé tiwa jáde. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Agbélẹ́tà. Èdè tó ń sọ ni SMTP, èyí tí Jon Postel kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1982. Ìkejì ni èyí tí àpótí lẹ́tà ẹnì kọ̀ọ̀kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀, tó ń ṣí i fún ẹni tó bá ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pe ìyẹn ní Atọ́júàpótí. IMAP ni èdè tirẹ̀, Mark Crispin ló sì gbé e kalẹ̀ ní Yunifásítì Stanford ní ọdún 1986.

Àǹfààní IMAP fún oníṣòwò ni pé ọ̀dọ̀ sáfà ni lẹ́tà ń gbé. Ọ̀gá tó wà ní Èkó lè kà á lórí fóònù, kí akọ̀wé tó wà ní Àgbádárìgì ka lẹ́tà kan náà lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, kí wọ́n sì jọ rí i pé wọ́n ti fèsì. Ìlànà àtijọ́ tó ń jẹ́ POP kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe sábà máa ń tò ó, kọ̀ǹpútà tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ló ń kó lẹ́tà lọ, àwọn yòókù á sì bá àpótí lófìfo.

Ẹ̀yà méjì tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń lò fún iṣẹ́ yìí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni. Postfix ni Agbélẹ́tà. Wietse Venema ló kọ ọ́ nígbà tó wà ní iléeṣẹ́ IBM, ó sì jáde ní ọdún 1998. Dovecot ni Atọ́júàpótí. Timo Sirainen, ọmọ orílẹ̀-èdè Finland, ló kọ ọ́, ọdún 2002 ló sì jáde. Ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣe wọ́n. Ẹni tó bá gbé wọn sórí kọ̀ǹpútà ló gbọ́dọ̀ mú ara wọn mọ ara wọn.

Ibi tí wọ́n ti ń pàdé

Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Bẹ́ẹ̀ náà ni Agbélẹ́tà. Bó bá ti gba lẹ́tà wọlé, ó ti jẹ gbèsè èsì fún ẹni tó kọ ọ́: yálà kó fi í sínú àpótí, tàbí kó sọ ní gbangba pé kò ṣeé ṣe. Kò gbọdọ̀ jù ú nù kó sì dákẹ́.

Ọ̀nà tó dára jù láti fà á lé Atọ́júàpótí lọ́wọ́ ni ìlànà tó ń jẹ́ LMTP, èyí tí John Myers ti Yunifásítì Carnegie Mellon kọ sílẹ̀ ní ọdún 1996. Ohun tó fi dára ju SMTP lọ fún iṣẹ́ yìí nìyí. Ká ní oníbàárà kan kọ lẹ́tà kan sí ọ̀gá àti akápò pọ̀. Àpótí ọ̀gá ní àyè, ti akápò ti kún. Èsì kan ṣoṣo ni SMTP ń gbà fún odidi lẹ́tà náà lẹ́yìn tó bá ti kó o kalẹ̀ tán. LMTP ní tirẹ̀ ń gba èsì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ti ọ̀gá ti wọlé, ti akápò kò tíì wọlé. Agbélẹ́tà á wá mọ èyí tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ òun láìní fi ti ọ̀gá ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ lè gé apá yìí fún onímọ̀ kọ̀ǹpútà yín. Bí àwọn méjèèjì bá wà lórí kọ̀ǹpútà kan náà, tí àpótí sì wà lábẹ́ orúkọ iléeṣẹ́ yín, ìlà tó máa wọ inú fáìlì main.cf ti Postfix ni:

virtual_transport = lmtp:unix:private/dovecot-lmtp

Lápá Dovecot, kó ṣí ẹnu ọ̀nà LMTP sí /var/spool/postfix/private/dovecot-lmtp, kí postfix jẹ́ olówó rẹ̀, kí àṣẹ rẹ̀ sì jẹ́ 0600. Bí wọ́n bá wà lórí kọ̀ǹpútà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹnu ọ̀nà 24 ni wọ́n sábà máa ń lò, kò sì gbọdọ̀ ṣí sílẹ̀ sí ìta.

Àṣìṣe mẹ́ta tó wọ́pọ̀

Àkọ́kọ́ ni ti orúkọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé obìnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Bọ́sẹ̀, bí àlejò bá fi orúkọ ìwé rẹ̀ béèrè rẹ̀, wọ́n lè ní kò síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí bí Agbélẹ́tà bá fi àdírẹ́sì kíkún ránṣẹ́, tó jẹ́ pé orúkọ iwájú nìkan ni Atọ́júàpótí mọ ẹni náà sí. Yóò dáhùn pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, lẹ́tà á sì padà sẹ́yìn.

Ìkejì ni kí orúkọ iléeṣẹ́ wà nínú ìwé méjì. Postfix ní ibi tí a ń kọ orúkọ tó jẹ́ ti kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ sí, tí wọ́n ń pè ní mydestination, ó sì ní ibi tí a ń kọ ti àpótí àwọn oníṣẹ́ sí, tí wọ́n ń pè ní virtual_mailbox_domains. Bí orúkọ kan bá wà nínú méjèèjì, lẹ́tà lè gba ọ̀nà tí kò dé ọ̀dọ̀ Dovecot.

Ìkẹta ni kí ẹnu ọ̀nà wà níbi tí ojú Agbélẹ́tà kò tó. Wọ́n sábà máa ń há Postfix mọ́ inú /var/spool/postfix fún ààbò. Bí Dovecot bá ṣí ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ síbòmíràn, àwọn méjèèjì á wà nínú ilé kan náà, wọn kò sì ní ríra.

Lẹ́tà tó dúró yàtọ̀ sí èyí tó sọnù

Èsì “kò ṣeé ṣe” pín sí oríṣi méjì. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4 ń sọ pé, “ní sùúrù, padà wá.” Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5 ń sọ pé, “má padà wá mọ́.” Bí Agbélẹ́tà bá gba 4, yóò to lẹ́tà sórí ìlà, yóò sì máa tún un gbìyànjú. Ọjọ́ 5 ni Postfix máa ń fi dúró bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà. Bí ó bá gba 5, yóò dá lẹ́tà padà lójú ẹsẹ̀.

Ní etí òkun tí iná lè lọ nígbàkígbà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dà rú ní Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè míì. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, tí sáfà yín kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì rárá, sáfà ẹni tó kọ̀wé ló máa di lẹ́tà mú títí tiyín á fi padà dé. Bó bá jẹ́ Atọ́júàpótí nìkan ló kú, Agbélẹ́tà tiyín ló máa dì í mú. Lẹ́tà pẹ́ lọ́nà ni, kò sọnù.

Ìdí nìyí tó fi dára kí onímọ̀ kọ̀ǹpútà kọ “soft_bounce = yes” sínú Postfix ní ọjọ́ tó bá ń so wọ́n pọ̀. Yóò sọ gbogbo 5 di 4, àṣìṣe kò sì ní lé lẹ́tà oníbàárà dànù. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti gún, kó yọ ọ́. Bákan náà, bí àpótí bá kún, Dovecot máa ń kọ lẹ́tà náà pátápátá, àyàfi bí a bá ṣí quota_full_tempfail fún un.

Ṣùgbọ́n orúkọ tí kò sí rárá ńkọ́? Ẹnu ọ̀nà ni kí Agbélẹ́tà ti kọ̀ ọ́. Bó bá kọ́kọ́ gbà á wọlé kó tó wá máa dá a padà, àwọn oníjìbìtì tó ń fi àdírẹ́sì ẹlòmíràn kọ̀wé á sọ sáfà yín di ibi tí ìdọ̀tí ń jáde. Kò ní pẹ́ tí àwọn sáfà ńlá á fi kọ orúkọ yín sínú ìwé dúdú, tí lẹ́tà tiyín náà kò ní dé ibi tí ẹ rán an mọ́.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò

Ẹ fi íméèlì mìíràn kọ̀wé sí gbogbo àpótí iléeṣẹ́ yín lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ní kí onímọ̀ kọ̀ǹpútà ṣí ìwé àkọsílẹ̀ sáfà lójú yín. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta lẹ máa wò. “sent” ni pé Atọ́júàpótí ti gbà á, kí ẹ sì rí dovecot-lmtp lórí ìlà kan náà. “deferred” ni pé ó ṣì wà lórí ìlà. “bounced” ni pé ó ti padà sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, kó pa Dovecot, kí ẹ kọ lẹ́tà kan, kó sì tún ṣí i. Bí lẹ́tà yẹn bá wọlé nígbà tó yá, ọkàn yín lè balẹ̀.

Ṣé ká ní tiwa ni àbí ká háyà?

Iléeṣẹ́ tí kò ju èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ kò nílò sáfà tirẹ̀. Kí ó sanwó ìlò fún àwọn tó ń ṣe é níṣẹ́. Ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, tó sì ní onímọ̀ kọ̀ǹpútà tó ṣeé gbọ́kàn lé, lè ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kó má gbé e sábẹ́ káńtà ṣọ́ọ̀bù. Ibi tí iná kì í ti í lọ ni kó gbé e sí.

Èyí ó wù kẹ́ ẹ ṣe nínú méjèèjì, ìbéèrè mẹ́rin yìí ni kẹ́ ẹ bi ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ sanwó fún. Ṣé LMTP ló so sáfà méjèèjì pọ̀? Bí àpótí bá kún, ṣé lẹ́tà ń dúró ni àbí ó ń padà? Ọjọ́ mélòó ló máa dúró? Ta ló ń ka ìwé àkọsílẹ̀ sáfà, ìgbà mélòó ló sì ń kà á lọ́sẹ̀? Ẹni tí kò bá lè dáhùn wọn, ẹ má tíì sanwó fún un.