Akẹ́kọ̀ọ́ Girama àti Ẹ̀kọ́ Fíìmù Yíyà

Ẹni tí ń wo tẹlifíṣọ̀n kì í rí ju ohun tí a fi hàn án lọ. Ibi tí a ti gé àwòrán, ohun tí a tò tẹ̀ lé e, àti ọ̀rọ̀ tí a fò dá, gbogbo wọn ni ó pamọ́ fún un. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ṣùgbọ́n báwo ni ọ̀dọ́ yóò ṣe mọ̀ pé ẹjọ́ ẹnìkan ni òun gbọ́? Ìdáhùn tí àwọn olùkọ́ kan rí sí ìbéèrè yìí ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya fíìmù.

Ìlú New York ní Amẹ́ríkà jẹ́ ibi kan tí ọ̀nà ẹ̀kọ́ yìí ti fìdí múlẹ̀. Níbẹ̀ ni Steve Goodman ti dá Educational Video Center sílẹ̀ ní 1984, kí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama lè máa ya fíìmù nípa ìgbésí ayé àdúgbò wọn.

Ní ìlú yìí kan náà, ní 2005, Kiri Davis, akẹ́kọ̀ọ́ girama aláwọ̀ dúdú, ṣe fíìmù oníṣẹ́jú méje tí ó pè ní A Girl Like Me, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ẹgbẹ́ Reel Works. Ó tún ìdánwò kan ṣe, èyí tí Kenneth àti Mamie Clark, àwọn onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá, ti ṣe ní nǹkan bí 1940. Ó gbé ọmọláńgidi méjì, dúdú kan, funfun kan, síwájú àwọn ọmọdé aláwọ̀ dúdú 21. Nínú wọn, 15 ni ó fẹ́ràn èyí funfun. Ọmọbìnrin kan ní èyí dúdú ni kò dára. Nígbà tí a ní kí ó mú èyí tí ó jọ ọ́ wá, ó ṣiyèméjì, ó sì rọra ti èyí dúdú síwájú.

Ojú ọmọ yìí lè mú omi bọ́ lójú ẹni tí ń wò ó. Ṣùgbọ́n fíìmù oníṣẹ́jú méje kò lè gba gbogbo ohun tí ọmọ 21 ṣe àti ohun tí wọ́n sọ. Dandan ni kí Davis yan díẹ̀, kí ó sì fi púpọ̀ sílẹ̀. Iye tí ó kéde, 15 nínú 21, ni ó jẹ́ kí òǹwòran mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ṣe bákan náà. Ẹni tí ó bá ti ṣe irú yíyàn bẹ́ẹ̀ rí yóò máa wá a nínú iṣẹ́ ẹlòmíràn: Ènìyàn mélòó ni a bi? Báwo ni a ṣe bi wọ́n? Àwọn wo ni a kò fi hàn?

Olùkọ́ tí kò ní kámẹ́rà pàápàá lè bẹ̀rẹ̀. Kí ó gé ojú fèrèsé kékeré sí àárín páálí, kí ó gbé e lé àwòrán inú ìwé ìròyìn, kí ó sì máa sún un kiri. Bí páálí ti ń sún ni ìtàn àwòrán náà yóò máa yí padà: ọlọ́pàá tí ó dá wà yóò di ọlọ́pàá tí èrò yí ká. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi ojú ara rẹ̀ rí èyí kò ní tètè gba gbogbo ohun tí tẹlifíṣọ̀n bá gbé wá. Bẹ́ẹ̀ ni kò ní ka gbogbo rẹ̀ sí irọ́. Yóò kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó kù.